Orúkọ Tí Bàbá Rẹ̀ Sọ Ọ́

Tí ẹ bá ti kí mi kú ìrọ́jú tán, tí ẹ ti ní kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́, ẹ máa wá bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí. Mi ò bínú. Èmi náà ti bi ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti sọ fún yín pé òtútù wà, ó sì ti sú mi láti máa sọ̀rọ̀ òtútù. Mo wá jókòó kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó kà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó jẹ́ kí n ráàyè rán aṣọ mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kétu, lọ́nà Ìkòsí. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń rán jù. Ọmọ méjì ni mo bí: Virtue ni àkọ́bí mi, Tósìn ló tẹ̀ lé e. Bàbá wọn ti ṣaláìsí.

Bàbá wọn ló sọ ọ́ ní Virtue. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò sì gbà pé orúkọ Yorùbá nìkan tó ọmọ í jẹ́ ní Èkó. Ó ní ìwà rere ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀, pé ọmọ tó bá ń jẹ́ ẹ kò ní yọ òun lẹ́nu. Lóòótọ́, Virtue ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tó wà ní pírámárì, ibà mú un, ó lọ síléèwé, ó bọ̀, ó fọ abọ́ tán kó tó ṣubú lulẹ̀ nínú kíṣìnnì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun rí i pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́ káàkiri bí ẹni ń sọ ìròyìn ayọ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọọdún, tí ìkórè àwọn ọmọdé bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà ìjọ wa máa ń yan ọmọbìnrin kan tí kì í fèsì, tí kì í jiyàn, tí èèyàn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n á gbé sáàṣì funfun kọ́ ọ lọ́rùn. Èmi ni mò ń rán sáàṣì yẹn, tí mò ń fi òwú aláwọ̀ góòlù kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, virtue, sí i lára. Nígbà tó kọ́kọ́ kan ọmọ mi, ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣe ni mo kàn kọ orúkọ ọmọ mi sáṣọ. Ó gbà á léraléra títí àwọn ìyá yòókù fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ní kí n máa bọ̀

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ni Virtue lọ ṣe lọ́hùn-ún. Ilé ńlá kan ni, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn bàbá àti ìyá àgbà sí tí àwọn ọmọ wọn ò bá ráàyè. Virtue ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń yí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má bàa yọ sí wọn lára. Tí ẹlòmíràn ò bá lè wá síbi iṣẹ́, òun ni wọ́n ń pè. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń pè mí lórí fóònù. "Mummy, dáadáa ni mo wà. Ẹ̀yin ńkọ́?" Èmi náà á ní dáadáa ni.

Ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè mí, Kẹ́mi, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n jọ ń gbélé. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Virtue ò ní sọ fún yín." Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹlẹ̀ gan-an: "Kẹ́mi, má dà wọ́n láàmú, jàre."

Bí mo ṣe rí ìwé ìrìnnà gbà, ẹ má bi mí, ìtàn tí ò ládùn ni. Mo di gààrí Ìjẹ̀bú, mo di ẹja gbígbẹ, mo di òrí tí mo fi máa pa á lára. Ohun tí mo ní lọ́kàn kò ju kí n tọ́jú ọmọ mi kó dìde, kí n sì mú un wálé. Mi ò ro òmíràn.

Sọ́rì

Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfuurufú bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní ọmọ mi ń ṣàìsàn. Ó wo ojú mi, ó ní sọ́rì, ó sì tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé mi. Nínú ọkọ̀ ojú irin, obìnrin kan jókòó kọjú sí mi, ó rí i pé mò ń sunkún, ó bi mí bóyá kò sí wàhálà. Mo sọ fún un. Òun náà ní sọ́rì, ó fún mi ní tíṣù, ó sì yí ojú sí fèrèsé kí n lè ráàyè sunkún.

Ẹ gbọ́, wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni nìyẹn, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún ọ. Ní Kétu níbí, tí n bá sọ lójú títì pé ọmọ mi ń ṣàìsàn, ẹnì kan á bi mí pé ọsibítù wo ni, ẹlòmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹnì kẹta á ní ohun tó ṣe Aunty òun náà nìyẹn, á máa sọ ọ́ títí mi ò fi ní mọ ìgbà tí mo délé. Mo ti máa ń bínú sí irú wọn tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, mo wá ẹni tó máa da ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mi ò rí i.

Àdúgbò tí wọ́n ń gbé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo jáde láàárọ̀, mo kí bàbá kan tó mú ajá lọ́wọ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí àwọn ọmọ iléèwé tó délé. Kẹ́mi ò lè din ata kó má kọ́kọ́ ti gbogbo ilẹ̀kùn, nítorí àwọn ará ilé kejì ti fẹjọ́ òórùn sùn. A wá ń jẹ ọbẹ̀ ilé wa bí ẹni jí i jẹ. Ní ọsibítù, wọ́n fún mi ní búrẹ́dì tútù tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ tútù sí láàárín, mo jẹ ẹ́ nítorí kí wọ́n má baà ní ìyá Virtue ò mọ oore.

Páálí ojú

Mi ò dá a mọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé. Mo rò pé a ṣi yàrá ni. Ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mummy, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kókó ló wà lọ́yàn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rí i. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé àwọn arúgbó tó wúwo jù ú lọ, ó ń pè mí lọ́jọ́ Sunday, ó ń ní dáadáa lòun wà. Nígbà tí àwọn dókítà máa fi rí i, ó ti wọ egungun.

Àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ní páálí kan. Wọ́n ya ojú èèyàn sí i lára, léraléra. Ojú àkọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń lọ, ẹ̀rín ń tán níbẹ̀, ó ń le sí i, títí tó fi dé èyí tó gbẹ̀yìn, tó ń da omi lójú. Wọ́n á ní kí aláìsàn fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tó jọ bí ara rẹ̀ ṣe ń dùn ún, kí wọ́n lè mọ bí oògùn tí wọ́n máa fún un á ṣe pọ̀ tó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e wá, ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni Virtue ń tọ́ka sí. Nọ́ọ̀sì kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Àwa rí i pé ń ṣe ló ń fún eyín pọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ. Bá wa bá a sọ̀rọ̀."

Mo bá a sọ ọ́. Mo ní, "Virtue, fi ojú tó jẹ́ òótọ́ hàn wọ́n."

Ó ní, "Mummy, ó ti rẹ àwọn náà. Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń sáré kiri?"

Mo fẹ́ lu ọmọ yẹn. Mo ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀, inú ń bí mi, mo fẹ́ gbá a mú, mo sì fẹ́ lù ú.

Màmá Dorothy

Ìyá àgbà kan wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi gbé wọn wá láti ilé àwọn arúgbó. Màmá Dorothy ni wọ́n ń jẹ́, Virtue ló ń tọ́jú wọn. Tíṣà ni wọ́n nígbà ayé wọn. Èdè Látìn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Virtue ń sùn. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ta ló fún un lórúkọ yìí?" Kẹ́mi ń túmọ̀ èyí tó bá ga jù mí lọ nínú òyìnbó wọn.

Mo ní bàbá rẹ̀ ni, pé ìwà rere ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ túmọ̀ sí ni akínkanjú, ìgboyà jagunjagun tó dúró lójú ogun. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́gbọ́n wọn ń fi pe ohunkóhun tó bá mú kí èèyàn yẹ lẹ́ni à ń bọlá fún: kó máa sọ òótọ́, kó lè dájọ́ bó ṣe tọ́, kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń lò ó fún agbára pẹ̀lú. Wọ́n á ní ewé kan ní virtue, ìyẹn ni pé ewé náà ń jẹ́, ó lè wo àìsàn sàn.

"Nígbà tí wọ́n wá gbé e dé ọ̀dọ̀ obìnrin," ni màmá yẹn wí, "wọ́n gé e kù. Ó wá di obìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, tó sì pa ẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ọ̀rọ̀ yẹn."

Mo bi wọ́n bóyá Virtue mọ̀. Wọ́n ní àwọn sọ fún un lọ́jọ́ kan tó ń fọ ẹsẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Ṣé kí n ti máa jà látọjọ́ yìí ni?" Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ bá jà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí aṣọ, ó fi ọyàn náà hàn wọ́n. Igbe tí wọ́n ké ni àwọn ọ̀gá ilé náà gbọ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹni tí kò bí i ló kọ́kọ́ rí i. Èmi tí mo fún un lọ́yàn mu, mo wà ní Kétu, mò ń gbọ́ "dáadáa ni mo wà."

Màmá náà wá bi mí pé kí ni à ń pè é lédè tiwa. Mo ní ìwà. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé tiwa kò yà á sí ti ọkùnrin tàbí obìnrin, pé bí èèyàn ṣe wà láyé nìyẹn, ẹni tó bá wà ló ń hùwà. Bí mo ṣe sọ ibẹ̀ yẹn tán ni ẹkún gbé mi, nítorí mo wo orí bẹ́ẹ̀dì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì gbé páálí ojú náà wá. Mo ní, "Virtue, èmi ìyá rẹ ni mò ń bẹ̀ ọ́. Má ro ti ẹnikẹ́ni." Ó wò mí pẹ́. Ìka rẹ̀ kọjá èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ó kọjá àwọn tó wà láàárín, ó dúró sórí èyí tó ń sunkún. "Mummy, ó ń dùn mí gan-an. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí." Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, inú mi dùn. Wọ́n fún un ní oògùn tó le, ojú rẹ̀ tú ká, ó sùn. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ gidi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀sán ló kú, èmi àti Kẹ́mi wà níbẹ̀.

Lẹ́nu géètì

A ò lè gbé e wálé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa sin ín sí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Mende pè mí. Daddy Mende ni gbogbo wa ń pè wọ́n, àgbà ìjọ ni wọ́n, wọ́n ní ọ́fíìsì tiwọn. Wọ́n kọ́kọ́ sunkún, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n wá ní, "Ìyàwó, ṣé o mọ̀ pé o ò gbọdọ̀ débẹ̀?"

Mo mọ̀. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibojì, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àmọ́ nílé, tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn ẹbí á wà níbẹ̀. Àwọn àbúrò, àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn ará ìjọ, wọ́n á lọ sin ín, àwọn kan á sì jókòó ti ìyá nínú ilé.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló máa sin ín? Kò séèyàn wa kankan níbí."

"Kẹ́mi á ṣojú wa. Tósìn ṣì wà o. Ṣé o fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ọkọ̀ dúdú gbé e wọ inú itẹ́ òkú. Èmi wà níta, nínú ọkọ̀ ẹni tó gbé wa wá. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé mi ò lè rìn ni, ó wá na apá sí mi lójú fèrèsé kí n dì í mú. Mo mi orí. Ó ní sọ́rì. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò yé e irú ìyá tí mo jẹ́.

Nígbà tó yá, mo sọ̀kalẹ̀. Mo rìn dé ẹnu géètì, mo di irin rẹ̀ mú. Mo ń gbọ́ ohùn Kẹ́mi nínú lọ́hùn-ún, ó gbé orin ìjọ wa, òun nìkan ló ń kọ ọ́, àwọn òyìnbó ò mọ̀ ọ́n. Ó ṣi ẹsẹ kejì kọ, ó padà síbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a gbè é. Mo mọ orin yẹn látòkè délẹ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kí n gbé. Mo rántí ojú Tósìn nígbà tó ń sìn mí lọ sí pápákọ̀. Mi ò gbé ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ Màmá Dorothy wá bá mi. Màmá náà fẹ́ tù mí nínú. Wọ́n ní, "Ibi tó dára ni. Ìdí igi kan ni, tó..." Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí mi. Ẹ̀rù bà wọ́n. Kẹ́mi tẹ̀ mọ́ wọn létí, ó ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Wọ́n sọ ìwọ náà ní Virtue." Wọ́n gbé wọn wọ ọkọ̀ lọ.

Igi kan wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ irú igi tó jẹ́.

Kétu

Daddy Mende fúnra wọn ló wá gbé mi ní pápákọ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o ṣe bí ọmọlúàbí. O ò dójú tì wá." Wọ́n tún un sọ lójú ìjọ, ẹ sì ní àmín. Mo jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, mo pa á dé. Tósìn wà láàyè, ara rẹ̀ le. Mo máa ń wò ó tó bá ń jẹun, mo máa ń fẹ́ bi í bóyá ohun kan ń dùn ún, ó sì ti ń sú u.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé aṣọ sáàṣì ọdún yìí wá fún mi. Mummy Ìfẹ́ tó ń ta bàtà ọmọdé ní Mile 12 mú ọmọ rẹ̀ wá kí n wọn ejìká rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n yàn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó dúró jẹ́ẹ́.

Mo ní, "Ìfẹ́, kí ló ń dùn ọ́?"

"Kò sí, ma."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mummy Virtue, ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀. Ìdí tí wọ́n fi mú un nìyẹn." Ó jáde lọ gbé fóònù rẹ̀ níta.

Mo ní kí ọmọ náà rìn lọ rìn bọ̀. Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ti kéré fún un. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ sọ́ọ̀kì. Ọmọ ẹni tó ń ta bàtà. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má sọ fún Mummy mi. Wọ́n á gba sáàṣì náà lọ́wọ́ mi."

Mo pariwo pe ìyá rẹ̀ wọlé. Mo gbé ẹsẹ̀ náà sókè, mo fi hàn án. Ó wò ó, omi lé ròrò sí i lójú. Mo rò pé ó ti yé e.

Ó ní, "Ó mọ̀ pé títa ni mo fẹ́ ta gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò fẹ́ kí n yọ ọ̀kan fún òun. Ẹ wá wo ìwà, Mummy Virtue. Ṣé ẹ rí i pé wọn ò ṣìṣe tí wọ́n fi mú un?"

Ó fi ọwọ́ pa á lórí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín.